Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Àpá àti Àmì Dúdú Ẹsẹ̀ Láì Bóra

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ẹsẹ̀ wọn kún fún àmì dúdú ló máa ń bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú láti ibi tó yẹ kó kẹ́yìn. Wọ́n á ra ìpara tó le, wọ́n á fi pa ẹsẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àmì náà á sì fẹ́ máa ṣí, ṣùgbọ́n kí oṣù tó parí, òmíràn á ti yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èyí tó ti ń ṣí náà á sì padà dúdú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ohun méjì ló sábà máa ń fà á: wọn kò tíì dá ohun tó ń mú àmì wá dúró, wọ́n sì ń fi oògùn kan náà tọ́jú àpá àti àwọ̀ dúdú, nígbà tí méjèèjì kì í ṣe ohun kan náà. Ètò tí mo tò sísàlẹ̀ yìí gba oṣù mẹ́ta ó kéré tán, ó sì lè tó ọdún kan, nítorí pé ẹsẹ̀ máa ń lọ́ra láti san ju ojú lọ. Ẹni tó bá ṣèlérí ọ̀sẹ̀ méjì fún yín, ìpara abóni ló fẹ́ tà fún yín.

Ohun tí ẹ ó nílò

Ẹ kó wọn jọ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ má bàa fi èyí tí ẹ bá kọ́kọ́ rí lọ́jà dípò èyí tó yẹ.

- Fóònù tó ní kámẹ́rà, àti fèrèsé tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé.
- Ọṣẹ tí kì í mú ara gbẹ. Ọṣẹ dúdú kò burú bí kò bá ta yín, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kó pẹ́ lára.
- Òrí tàbí fasilíìnì. Bí ẹsẹ̀ yín bá ń pa èépá gbígbẹ, ẹ fi ìpara tó ní urea 10% kún un.
- Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, àti aṣọ tó bo ẹsẹ̀ dé ilẹ̀.
- Ìpara tó ń dènà oòrùn, tó jẹ́ SPF 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, fún ọjọ́ tí ẹsẹ̀ bá máa wà níta.
- Ọ̀kan péré nínú àwọn oògùn àwọ̀ dúdú wọ̀nyí, tí ẹ ó lò ní ìpele 5: azelaic acid 15% sí 20%, niacinamide 4% sí 5%, tàbí glycolic acid 5% sí 10%.
- Jẹ́ẹ̀lì silicone tàbí èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara, bí ẹ bá ní àpá tó ga nìkan.

Ọsàn wẹ́wẹ́ kò sí nínú rẹ̀. Omi ọsàn tí oòrùn bá pa lára awọ lè jó o bí iná gan-an, àmì tí ìyẹn máa ń fi sílẹ̀ sì máa ń pẹ́ kó tó lọ. Ìpara àdàpọ̀ tí wọ́n ń bù sínú ike tí kò ní àkọlé kò sí níbẹ̀ náà, ẹni yòówù tí ì báà ṣe é.

Ìpele 1: Ẹ mọ irú àmì tó wà lẹ́sẹ̀ yín

Ẹ jókòó sẹ́bàá fèrèsé ní ojúmọmọ, ẹ dijú, kí ẹ sì fi ìka wọ́ ojúgun yín wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láti orúnkún títí dé ọrùn ẹsẹ̀. Àmì tí ojú ń rí ṣùgbọ́n tí ìka kò mọ̀, àwọ̀ nìkan ni. Ara ti tú mẹlanín, èròjà tó ń mú àwọ̀ wa dúdú, sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ níbi tí ẹ̀fọn ti jẹ, tí eéwo ti so, tàbí tí èékánná ti họ, irú èyí sì lè lọ pátápátá. Ibi tí ìka bá ti mọ̀ pé ó ga, tàbí ó jìn, tàbí tó ń dán tí irun kò sì hù níbẹ̀ mọ́, àpá gan-an nìyẹn. Ara ti fi awọ tuntun dí ojú ọgbẹ́, awọ tuntun náà kò sì ní di awọ àtijọ́ mọ́ láé. Ohun tí a lè wá fún àpá ni pé kó rẹlẹ̀, kó rọ̀, kó má sì yàtọ̀ púpọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Nínú èyí tó jẹ́ àwọ̀ nìkan, ẹ tún wo bó ṣe dúdú sí. Bí dúdú rẹ̀ bá jọ ti ara yín, tó kàn jinlẹ̀ jù ú lọ, òkè awọ ló wà, ó sì lè ṣí láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún kan. Bó bá jọ eérú, tàbí tó fẹ́ máa jọ aró, ó ti wọ inú lọ, bí aró ṣe ń mu nínú adìrẹ, ìpara kì í sì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ dáadáa. Ọdún ni ẹ ó fi máa ka ìyẹn, kì í ṣe oṣù.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ya àwòrán. Ẹ lo ibì kan náà, fèrèsé kan náà àti àkókò kan náà ní gbogbo ìgbà, kí ẹ sì gbé rúlà tàbí owó ẹyọ sí ẹ̀gbẹ́ àmì tó tóbi jù, kí ẹ lè mọ̀ bó bá ń dín kù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin ni kí ẹ máa yà á. Ẹni tó bá ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́ kì í rí ìyàtọ̀, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti máa ń sọ̀rètí nù, tí wọ́n á sì lọ ra èyí tó le jù.

*Ẹ ṣọ́ra.* Àwọn àmì kan wà tó jẹ́ ti ilé ìwòsàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ọrùn ẹsẹ̀ bá ń dúdú, tó ń wú ní ìrọ̀lẹ́, tí iṣan sì ran síta, inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ni àìsàn náà wà, kò sí ìpara tó lè ràn án lọ́wọ́. Bí egbò kò bá san lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ má ṣe dúró mọ́; ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tàbí àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde kò gbọ́dọ̀ dúró tó bẹ́ẹ̀ rárá, nítorí pé egbò ọrùn ẹsẹ̀ máa ń pẹ́ gan-an lára wọn. Bí ẹ bá rí ojú ibi tó ṣí funfun tàbí tó pọ́n, ẹ fi òwú kàn án pẹ̀lú ojú dídì: bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n lára, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀tẹ̀, èyí tó ní oògùn tó ń wò ó sàn pátápátá, tí wọ́n sì ń fún ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Àmì dúdú tuntun ní àtẹ́lẹsẹ̀ tàbí lábẹ́ èékánná ẹsẹ̀, tó ń gbòòrò, tí etí rẹ̀ kò sì gún régé, nílò dókítà láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn. Irú jẹjẹrẹ awọ tí wọ́n ń pè ní melanoma kò wọ́pọ̀ lára ènìyàn dúdú, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ló máa ń fẹ́ yọ sí bó bá máa yọ.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ ti parí ìpele yìí bí ẹ bá lè tọ́ka sí àmì kọ̀ọ̀kan kí ẹ sì sọ bóyá àwọ̀ ni, àpá ni, tàbí ti dókítà ni, tí àwòrán àkọ́kọ́ sì ti wà nínú fóònù yín.

Ìpele 2: Ẹ dá ohun tó ń mú àmì wá dúró

Ìpele yìí ló ṣe pàtàkì jù, òun náà ni àwọn ènìyàn máa ń fò kọjá. Ẹ bi ara yín léèrè ohun tó mú àmì mẹ́ta tó kẹ́yìn wá. Lọ́dọ̀ tiwa, ìdáhùn náà sábà máa ń jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́rin.

Àkọ́kọ́ ni ẹ̀fọn àti họ́họ́ra. Bí ẹ̀fọn bá jẹni, àmì kékeré tí kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ ló yẹ kó fi sílẹ̀. Èékánná tó bá a dé ibẹ̀ ló ń sọ ọ́ di àmì oṣù mẹ́fà. Ẹ gé èékánná yín kó kúrú, ẹ máa sùn nínú nẹ́ẹ̀tì, ẹ wọ ṣòkòtò tàbí ìró gígùn láti ìrọ̀lẹ́, pàápàá ní àsìkò òjò. Bí ibì kan bá ń yún, ẹ fi aṣọ tí ẹ rì sínú omi tútù lé e fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ sì fi ìpara calamine pa á. Àwọn tó ń họra lójú oorun lè wọ ìbọ̀sẹ̀ gígùn tó rọ̀ sùn. Bí kókó líle tó ń yún gidigidi bá ti so káàkiri ojúgun, ọ̀pọ̀ a máa rò pé àpá tó ń wú ni, ṣùgbọ́n họ́họ́ra ọjọ́ pípẹ́ ló sábà máa ń fà á, ó sì nílò oògùn dókítà láti fọ́ ìyún náà.

Èkejì ni kànrìnkàn. Bí a bá ń fi agbára ha ojúgun láràárọ̀ nítorí pé ó dúdú, híha náà gan-an ni yóò mú un dúdú sí i, nítorí pé awọ tí a bá ń yọ lẹ́nu láìdabọ̀ máa ń tú mẹlanín sílẹ̀ láti fi dáàbò bo ara rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í dùn mọ́ àwọn ìyá wa nínú, nítorí pé lójú wọn, ẹni tí kò bá ha ara kò tíì wẹ̀. Ọwọ́ tàbí tówẹ́ẹ̀lì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó fún ẹsẹ̀ ní gbogbo àkókò tí ẹ bá fi ń tẹ̀ lé ètò yìí.

Ẹ̀kẹta ni irun fífá. Bí irun bá tún wọ inú ara padà, á wú, á sì fi àmì dúdú kan sílẹ̀ nídìí irun kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rẹ ẹsẹ̀ ná, ẹ lo réésà tuntun tó mú, ẹ fá a síbi tí irun kọjú sí, ẹ má sì fá ojú ibì kan lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ fi irun sílẹ̀ fún oṣù méjì.

Ẹ̀kẹrin ni gbígbẹ. Ní àsìkò ọyẹ́, tàbí ní òtútù ìlú Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn tiwa tó wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ á gbẹ, á yún, ẹ óò họ ọ́, àmì á sì dé. Òrí tàbí fasilíìnì tí ẹ bá fi pa ẹsẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta tí ẹ jáde nínú omi, nígbà tí ara ṣì ní ọ̀rinrin, wúlò ju èyí tí ẹ fi pa awọ tó ti gbẹ lọ.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí ẹ sì fi àwòrán kejì wé ti àkọ́kọ́. Bí àmì tuntun kankan kò bá kún un, ẹ lè tẹ̀ síwájú. Bó bá kún un, ẹ má tíì lo oògùn kankan o. Ẹ padà lọ wá ohun tó ń fà á.

Ìpele 3: Ẹ tọ́jú ọgbẹ́ tuntun kó má bàa di àpá

Ọgbẹ́ tuntun máa ń yọ lásìkò tí a bá ń tọ́jú ti àtijọ́ lọ́wọ́, nítorí náà ẹ fi ìpele yìí sọ́kàn láti ọjọ́ kìíní. Ẹ fi omi tó mọ́ àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi fasilíìnì tín-ín-rín bò ó, ẹ fi báńdéèjì dì í, kí ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́ títí awọ yóò fi padé. Àṣà tó wọ́pọ̀ ni kí á ṣí egbò sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè gbẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀, egbò tí a bo tó sì ní ọ̀rinrin ló ń yára san, òun náà ni àpá rẹ̀ máa ń kéré. Ẹ má ṣe máa da sípírítì sí i lójoojúmọ́, nítorí pé ó ń pa awọ tuntun tó ń hù bọ̀. Ẹ má sì ṣí èépá egbò, bó ti wù kó máa yún yín tó.

Ti ọ̀kadà yàtọ̀ díẹ̀. Ẹni tí sàlẹ́ńsà ọ̀kadà bá jó ní ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ wá omi tó ń ṣàn, kó sì gbé ẹsẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ fún 20 ìṣẹ́jú, bí ibi tó jó kò tilẹ̀ tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ẹyin, ọṣẹ ìfọyín, iyọ̀ àti epo ẹ́ńjìnnì kò gbọ́dọ̀ kàn án. Bó bá lé tí omi sì gbárajọ sínú rẹ̀, ẹ má bẹ́ ẹ. Iná tó bá jó wọnú tó fi jẹ́ pé ibẹ̀ funfun tàbí tí ẹ kò mọ̀ ọ́n lára mọ́, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ. Bí irin, ìṣó tàbí ìgò ló gé yín, tí ẹ kò sì rántí ìgbà tí ẹ gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì kẹ́yìn, ẹ lọ gbà á ní ọjọ́ yẹn gan-an.

*Àyẹ̀wò:* Ojú ọgbẹ́ padé, kò ṣẹ̀jẹ̀, kò yọ ọyún, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò sì gbóná mọ́.

Ìpele 4: Ẹ bo ẹsẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn

Àwa ènìyàn dúdú máa ń sọ pé oòrùn kò lè ṣe wá ní nǹkan. Ó ṣeé ṣe kó má jó wa bíi ti òyìnbó, ṣùgbọ́n àmì tí oòrùn bá ń pa lójoojúmọ́ kò ní ṣí, ìpara yòówù tí ẹ bá fi sí i. Kí ìpara oòrùn tó ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo gba nǹkan bíi ṣíbí ìpotíì méjì, ẹ óò sì tún un pa lẹ́yìn wákàtí méjì bí ẹ bá ṣì wà níta. Ẹ ṣírò iye owó ìyẹn fún oṣù mẹ́fà. Nítorí náà, èrò tèmi ni pé aṣọ ló yẹ kẹ́ ẹ gbára lé: ṣòkòtò, ìró, búbá gígùn, ohunkóhun tí aṣọ rẹ̀ hun dáadáa. Ẹ fi ìpara pa ibi tí aṣọ kò dé nìkan, irú bí òkè àtẹ́lẹsẹ̀ nínú sálúbàtà. Bí ẹ bá rí ìpara oòrùn tó ní àwọ̀ ara, tí wọ́n kọ iron oxides sí ara rẹ̀, ó sàn fún wa ju èyí tó funfun lọ, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí náà máa ń mú àmì dúdú sí i, ìpara lásán kì í sì í dènà ìyẹn.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ wo ibi tí okùn sálúbàtà máa ń bò. Bí ìyàtọ̀ tó wà láàárín ibẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá ń dín kù lẹ́yìn oṣù kan, ẹ ń bo ẹsẹ̀ yín dáadáa.

Ìpele 5: Ẹ wá fi oògùn sí àwọ̀ dúdú

Nínú mẹ́ta tí mo dárúkọ lókè, azelaic acid ni mo máa ń kọ́kọ́ tọ́ka sí fún ẹsẹ̀, nítorí pé ibi tó dúdú ju bó ṣe yẹ ló ń ṣiṣẹ́ lé lórí, kì í sì í fọwọ́ kan àwọ̀ ara tó kù púpọ̀, a sì kà á sí èyí tí aboyún lè lò. Niacinamide rọrùn lára jù, ó sì lọ́ra jù. Glycolic acid yá díẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń ta, oòrùn sì tètè ń mú ibi tí ẹ bá fi pa.

Ẹ kọ́kọ́ dán an wò sí ojú ibì kan tí kò tóbi ju owó ẹyọ lọ lẹ́yìn orúnkún, ní alẹ́ mẹ́ta tẹ̀ léra. Bí kò bá wú tí kò sì lé, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fi pa ojú àmì ní alẹ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà ní alalẹ́ bí ara bá gbà á. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ gbẹ dáadáa ná, ẹ fi oògùn náà pa á ní tín-ín-rín, ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ sì fi òrí lé e. Kó ta fún ìṣẹ́jú mélòó kan kì í ṣe ìṣòro. Bó bá ń jó yín títí di òwúrọ̀, ẹ fọ̀ ọ́ kúrò, kí ẹ sì sinmi fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ má ṣe lò ó ní alẹ́ tí ẹ bá fá irun ẹsẹ̀.

*Ẹ ṣọ́ra.* Ẹ má pa méjì pọ̀ kí ó lè yá. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti máa ń bà á jẹ́ nìyí, torí pé awọ tó bá bó nítorí oògùn púpọ̀ á tún fi àmì dúdú tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹ ka ara páálí ìpara kí ẹ tó sanwó: ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, kí ẹ sì wò ó bóyá orúkọ bíi mercury, calomel tàbí mercurous chloride (mercury náà ni méjèèjì), clobetasol tàbí betamethasone wà níbẹ̀; bí ẹ bá rí i, ẹ má rà á. NAFDAC kò fàyè gba mercury nínú ìpara, nítorí pé ó ń ba kíndìnrín jẹ́. Bí ìwé rẹ̀ bá ní kí ẹ má jẹ́ kó kan wúrà tàbí fàdákà, ẹ fura sí mercury kódà bí wọn kò bá kọ orúkọ rẹ̀. Clobetasol àti ẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n jẹ́ oògùn steroid tó le, máa ń mú kí ìyún lọ kíá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tàn wá jẹ. Bí ẹ bá pẹ́ lórí rẹ̀, awọ á fẹ́lẹ́, ìlà á fọ́ sí itan tí kò ní lọ mọ́, làpálàpá tó bá wà níbẹ̀ á sì máa ràn lábẹ́lẹ̀. Hydroquinone lè ṣí àmì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ dókítà ni kó ti wá, kó sì ní ọjọ́ tí yóò dúró, nítorí pé bó bá pẹ́ lára, ó lè sọ awọ di dúdú bíi ti aró, èyí tó ṣòro gidigidi láti tún ṣe. Ó tún máa ń ṣí ẹ̀gbẹ́ àmì, tí òbìrí funfun á fi yí dúdú ká. Aboyún kò gbọ́dọ̀ lò ó, bẹ́ẹ̀ náà ni tretinoin àti adapalene, àwọn oògùn awọ míì.

Ẹni tó bá ti ń lo ìpara abóni fún ọ̀pọ̀ oṣù kò gbọ́dọ̀ já a sílẹ̀ lójijì kó sì bẹ̀rẹ̀ ìpele yìí. Ara lè máa jó, kó máa yún, kó sì pọ́n. Kí ó gbé páálí ìpara náà lọ fi han dókítà awọ ara ná.

*Àyẹ̀wò:* Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjìlá, ẹ to àwòrán yín sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ó yẹ kí àmì ti máa ṣí díẹ̀, tàbí kí etí rẹ̀ máa sún wọlé. Bí kò bá sí ìyàtọ̀ rárá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé inú lọ́hùn-ún ló wà, dókítà ló kù. Bí wọ́n bá fi lésà, ìmọ́lẹ̀ alágbára tí wọ́n fi ń tọ́jú awọ, lọ̀ yín, ẹ béèrè bóyá ẹni tó fẹ́ ṣe é ti ń ṣe é lára àwọ̀ dúdú, nítorí pé lésà tí kò bá wa mu máa ń dá àmì tuntun sílẹ̀.

Ìpele 6: Àpá tó ga àti èyí tó jìn

Fún àpá tó ga, ẹ dúró kí ojú ọgbẹ́ padé pátápátá. Lẹ́yìn náà, ẹ fi fasilíìnì díẹ̀ sí ìka, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ yíká yíká fún ìṣẹ́jú márùn-ún ní àárọ̀ àti alẹ́, kí títẹ̀ náà lágbára tó láti mú kí àwọ̀ àpá ṣí díẹ̀ bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Silicone ni ó tẹ̀ lé e: èyí tí wọ́n ń lẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lára fún wákàtí 12 ó kéré tán lójúmọ́, fún oṣù méjì sí mẹ́ta. Ẹ máa bọ́ ọ láti wẹ̀, kí ẹ sì fọ òun náà, nítorí pé ooru tiwa máa ń mú kí òógùn gbárajọ sábẹ́ rẹ̀. Òróró fitamín E tí gbogbo ènìyàn ń rà kì í ṣe àpá ní àǹfààní kan tó hàn, ó sì máa ń mú ara àwọn ènìyàn kan yún. Bí àpá bá ti gbòòrò kọjá ibi tí ọgbẹ́ dé, kò wọ́pọ̀ ní ojúgun, ṣùgbọ́n bó bá ṣẹlẹ̀, abẹ́rẹ́ triamcinolone tí dókítà ń gún sínú rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ni ìtọ́jú rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ gé e lásán, nítorí pé yóò tóbi jù ú lọ bó bá tún hù.

Àpá tó jìn kò ní ìpara. Ohunkóhun tí wọ́n bá tà fún yín pé yóò mú un kún, ẹ fowó yín sápò. Àwọ̀ rẹ̀ nìkan ni ẹ lè tọ́jú nílé, gẹ́gẹ́ bí ìpele 5 ṣe là á sílẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ dijú kí ẹ tún fi ìka wọ́ ọ bíi ti ọjọ́ kìíní. Rírọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dé, kí gíga tó dín kù, kí àwọ̀ tó yí padà. Àpá tó ti ń rọ̀ ṣì ń yí padà, ẹ fún un ní ọdún kan gbáko kí ẹ tó sọ pé ó ti parí iṣẹ́ rẹ̀.

Bí àwọ̀ àmì bá ti bá ẹsẹ̀ yòókù dọ́gba, ẹ dín oògùn kù sí alẹ́ méjì lọ́sẹ̀ fún oṣù kan, kí ẹ sì dá a dúró. Òrí, aṣọ gígùn àti nẹ́ẹ̀tì kò ní ọjọ́ ìdádúró.